Àlejò Ló Ń Pa Adìẹ Mi

Nínú tasí tó ń gbé wa láti Sokodé lọ sí Kambolé, obìnrin méjì jókòó lẹ́yìn mi, àbúrò nínú wọn sì ń ráhùn nípa adìẹ tó ń sìn lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní àdúgbò Komah ní Sokodé.

“Ẹ̀gbọ́n, adìẹ mẹ́wàá ni mo ní. Ó ku mẹ́ta.”

“Yéè! Ṣé àrùn ni?”

“Àrùn kẹ̀? Gbogbo wọn ló gba abẹ́rẹ́. Àlejò ló ń pa wọ́n. Bí ará Kambolé kan bá ti ṣe sàláámù lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ọkọ mi á ti mú ọ̀bẹ. Èyí tó ń yé ẹyin dáadáa jù ló pa fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ́jọ́ Jímọ̀.”

“Wọn ò ní abẹ́rẹ́ àlejò ni?”

Ó yẹ kí n yíjú padà, kí n rán wọn létí pé ẹni iyì ni àlejò, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò jẹ́.

“Ìwọ náà, ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ ní Kambolé?”

“Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yẹn náà ni. Wọ́n ní òun náà ti ń sin adìẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa lò.”