Omi Tí Mo Mu Níwájú Ìgbìmọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ ní sùúrù fún mi ná. Mo rí omi tí ẹ fà wá láti kànga ilé ẹ̀kọ́, tí ẹ gbé síwájú mi, mo sì mọ ohun tí ẹ ń retí. Ẹ ní wolé-wolé tuntun kò tíì dé, kí èmi wolé-wolé àtijọ́, arúgbó tí gbogbo ìlú gbẹ́kẹ̀ lé, bá yín mu ún, kí ọkàn yín balẹ̀, kí ẹ dìbò pé kí wọ́n má ti kànga náà, kí oníkálukú sì máa lọ sílé. N kò ní mu ún. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì dà nínú mi títí dòní. Dókítà ti ní kí n palẹ̀ ara mi mọ́, àtilọ láìsọ ọ́ sì ń bà mí lẹ́rù ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Àfi kí n sọ ọ́ lónìí, lójú ọmọ alágbàfọ̀ tó jókòó sí ìdí fèrèsé yẹn, ọ̀kan nínú yín, tó ń pè mí ní bàbá láìjẹ́ pé mo bí i. Òun ló sọ fún yín pé bí bàbá òun bá ti mu omi yìí, òun náà á gbà. Ẹ gbọ́ irú ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò mọ bí ayé wolé-wolé ṣe rí nígbà náà. Bí mo bá yọ lójú títì, wọ́n á máa ké sí ara wọn pé, "Wolé-wolé ti dé o!" Ẹni tí ìkòkò omi rẹ̀ kò ní ìdérí á sáré wá ìdérí, ẹni tó da pàǹtí sẹ́nu ọ̀nà á sọ ara rẹ̀ di agbálẹ̀. Wọ́n á kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á sì máa retí kí n kọjá. Kò sẹ́ni tó ń ní kí n jókòó. Ta ló fẹ́ kí wolé-wolé jókòó sílé òun, kó máa wo òrùlé? Ìyàwó mi ti kú, a ò bímọ. Bí mo bá délé nírọ̀lẹ́, mo máa ń tan rédíò kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn, n kì í sì í mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń fún mi níjòókòó, àgbàlá àwọn alágbàfọ̀, níbi tí kànga wọn wà. Ìyá ọmọ yìí ni olórí wọn, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé tìbínú-tìbínú, tí mo ń bi wọ́n pé ta ló da omi ọṣẹ sójú ọ̀nà, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Wolé-wolé, ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìdọ̀tí kiri ilé onílé, ṣé ẹ ti wo ọrùn ẹ̀wù yín?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bọ́ ẹ̀wù náà, ó fọ̀ ọ́, ó sì gbé àpótí kan fún mi kí n fi jókòó dè é. Láti ọjọ́ náà, àpótí yẹn di tèmi. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ jókòó lé e, á ní, "Dìde ńbẹ̀ jàre, alága ń bọ̀." Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí òfin kan, pé kí wọ́n ti gbogbo kànga tó bá sún mọ́ ṣáláńgá. Kànga àgbàlá náà wà lára wọn, torí pé ẹ̀yìn ògiri wọn gan-an ni ṣáláńgá ilé ìgbàlejò wà. Mo lọ da aró pupa sínú ṣáláńgá náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń jò sínú kànga. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo fa omi kànga, mo bù ú sínú ife funfun, mo gbé e sínú oòrùn. Ó pọ́n díẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń wá kò ní rí i, ṣùgbọ́n èmi rí i.

Ọ̀dọ̀ alága ìgbìmọ̀ ló yẹ kí n gbà lọ tààrà. Àgbàlá ni mo kọ́kọ́ yà sí, torí ẹsẹ̀ mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Obìnrin náà ń ká aṣọ lórí okùn. Ó ní, "Wọ́n ní wọ́n fẹ́ ti kànga wa. Bí wọ́n bá tì í, iṣẹ́ parí nìyẹn. Àbúrò mi ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé kí n kó wá sọ́dọ̀ òun nílùú tó wà. Màá kúkú kó lọ." Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta ni yóò wá máa bá yín fọ ọrùn ẹ̀wù?" Mo ro ilé mi, mo ro rédíò yẹn, n kò sì lè rò ju ìyẹn lọ.

Ẹ mọ àṣà ìgbìmọ̀ yìí. Wolé-wolé fúnra rẹ̀ ni yóò fa omi, yóò gbé e wá nínú jọ́ọ̀gì tí a fi aṣọ funfun bò, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án, yóò sì mu ún lójú gbogbo yín. Àwọn tó dá a sílẹ̀ rò pé kò sẹ́ni tí yóò fi ikùn ara rẹ̀ purọ́. Wọn ò rò ó pé èèyàn lè yà sílé. Lọ́jọ́ ìdìbò, mo fa omi kànga náà, mo sì yà sílé. Mo da omi kànga nù sídìí ògiri, mo rọ omi tí mo ti sè, tó ti tutù nínú kẹ́tùlù, sínú jọ́ọ̀gì, mo sì fi aṣọ funfun bò ó padà. Èèyàn burúkú ni mí.

Ariwo pọ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí lọ́jọ́ náà. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Aláròyé fò dìde, ó ní, "Ẹ ti kànga yìí kó tó pààyàn!" Alápatà tó ń ṣojú àdúgbò náà dá a lóhùn pé, "Ó rọ̀ ẹ́ lọ́rùn láti sọ, omi ẹ̀rọ ń yọ nínú ilé tìẹ." Alága lu tábìlì títí, ó ní, "Wolé-wolé, ó kù sọ́wọ́ yín." Mo mu gíláàsì kan, mo mu èkejì, mo nu ẹnu. Mo tilẹ̀ ní, "Ó dùn." Ta ló bi mí bóyá ó dùn? Wọ́n dìbò, wọ́n rọ́ òfin náà tì, àwọn alágbàfọ̀ tó dúró síta sì gbé mi sókè.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Tipẹ́tipẹ́ ni mo ti ń sọ fún obìnrin náà pé kó máa se omi kó tó mu ún, ó sì máa ń sè é. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti kó ọṣẹ sínú ìkòkò tó fi ń se omi. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Kí ni mo tún ń se omi fún? Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ mí lẹ́nu, ṣebí ẹ mu ún lójú gbogbo ayé? Àbí ọ̀fun wolé-wolé le ju ti alágbàfọ̀ lọ ni?" Ó bu omi, ó nà án sí mi. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e sẹ́nu ara rẹ̀. "Ẹ má mu ún." Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ kò ju ìyẹn lọ, ó sì ti dé ètè mi. Mo wá rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, yóò bi mí nídìí, yóò mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí, kò sì ní gbé àpótí fún mi mọ́. Mo pa ẹnu dé. Mo tún padà lọ lọ́jọ́ kẹta àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, à ń ṣàwàdà, ó ń mu ún, mò ń wò ó.

Onígbáméjì wọ àgbàlá náà. Àwọn yòókù bọ́ níbẹ̀, òun ò bọ́. Mo jókòó tì í nílé ìwòsàn. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ó ní, "Wolé-wolé, kí ni mo jẹ tó ń ṣe mí báyìí?" Mo ní bóyá oúnjẹ àná ni. Ẹni tó ń kú lọ ni mo tún purọ́ fún! Ó ní kí n bá òun wo ọmọ òun, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé n kò fi òun sílẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé ẹran kan ló já sínú kànga lẹ́yìn tí mo ti mu níbẹ̀, wọ́n tì í, wọ́n sì yìn mí.

Ọmọ yìí dé láti ilé ẹ̀kọ́ tó ń gbé, ó dì mọ́ mi, ó sunkún títí. Láti ìgbà náà, òun ló ń pè mí láràárọ̀ láti mọ̀ bóyá mo jí. Ohun tí mo torí rẹ̀ purọ́, pé kí n má dá wà, ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá jókòó tì mí, èmi nìkan náà ni mo dá jókòó, torí ẹni tó rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe èmi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ẹnu ẹnikẹ́ni ṣòfin mọ́, ẹ gbé omi lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọlọ́pàá mú mi, n kò ní sá. Ìwọ ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí, bí kò tilẹ̀ ṣeé ṣe títí màá fi kú. Omi kànga ló pa ìyá rẹ, mo sì mọ̀. Mo rí i pé o ti dìde. Máa lọ, n kò ní pè ọ́ padà. Ṣùgbọ́n dìbò ná kí o tó lọ. Àwọn ọmọ iléèwé ò mọ̀ pé à ń jiyàn níbí, omi náà ni wọ́n ń mu lọ́wọ́ báyìí.