Ọkọ Rẹ Dúró Kí Èèyàn Láàárín Òkè Yanrìn

Rayya, má bu omi wá, mi ò mu. Jókòó. Ọkọ rẹ ni mo wá fi sùn ọ́, ìwọ àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà, má sì tíì gbè é lẹ́yìn, nítorí mi ò tíì sọ nǹkan kan. Wo irùngbọ̀n mi. Yanrìn nìyẹn. Wo inú etí mi. Láti àná ni mo ti ń gbọ̀n ọ́n, kò tán.

Ṣebí ìwọ náà mọ̀ pé àná ni mo fẹ́ lọ tọrọ Tuful. Ọdún mẹ́rin tí ìyàwó mi ti kú, tí mò ń dá se ìrẹsì tó ń jóná, àwọn ẹbí obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà pé kí n yọjú kó tó di ìrun Àílà. Ká ní ọwọ́ mi yìí ò kán ni, ta ni ìbá fi ọkọ̀ mi lé Musallam lọ́wọ́? A gbé abo ràkúnmí mi funfun sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù, ẹ̀bùn ìtọrọ. Èmi fúnra mi, ọwọ́ kan, ni mo tú afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ kí wọ́n lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí yanrìn. Mo ní, Musallam, òkè ńlá yẹn, tí o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, má gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná ọkọ̀, má dúró títí o fi dé orí rẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó tiẹ̀ bínú, ó ní ṣé inú yanrìn kọ́ ni wọ́n bí òun sí ni.

A gùn ún. Ọkọ̀ ń ké, ràkúnmí ń ké, a dé ìdajì. Ni ọkọ̀ kan bá yọ lókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, arúgbó kan ló ń wà á, ó na ọwọ́ síta. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀. Mo pariwo, "Má dúró! Musallam, nítorí Ọlọ́run, má dúró!" Rayya, ọkọ rẹ tẹ búrékì. Láàárín òkè. Ó yí gíláàsì sílẹ̀, ó ní, "Sàlámù aléékun, bàbá, kí ni ìròyìn?"

Kí lo sọ? Pé ó yẹ kéèyàn kí àgbà? Ta ló ní kò yẹ? Ṣé kò lè kí i láti orí òkè ni? Bàbá ní kò sí ìròyìn, àfi ire. Ọkọ rẹ ní kò sí lọ́dọ̀ tiwa náà, àfi ire. Táyà ẹ̀yìn ti ń wọlẹ̀. Bàbá ní ará ilé ńkọ́? Ewúrẹ́ ńkọ́? Òjò ńkọ́? Òjò, níbi tí a ò ti rí ìkùukùu láti èṣín. Nígbà tí wọ́n fi máa parí òjò, ikùn ọkọ̀ mi ti jókòó sórí yanrìn, wọ́n sì tún ń sọ fún ara wọn pé kò sí ìròyìn.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mò ń fi ọwọ́ kan wa yanrìn. Wọ́n dá iná kọfí. Wọ́láhì, abẹ́ òjìji ọkọ̀ mi ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń jẹ dàbínù. Èmi mu ife kan, mo mì í pé ó tó mi. Ọkọ rẹ ò mi tiẹ̀. Ife mẹ́fà, Rayya. Ibẹ̀ ni okùn tó fi so orúnkún ràkúnmí ti tú, ẹranko náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbẹ́sẹ̀ jáde nínú ọkọ̀ tó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọrí sílé. Òun nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà rẹ, tó ń jẹ aṣọ tí o sá.

Ẹ̀rín lò ń rín. Rín in, mi ò tíì débi tó kàn ọ́.

Àlàásárì ti kọjá kí bàbá tó fi okùn fà wá jáde. A dé ilé Tuful láìsí ràkúnmí, aṣọ funfun mi ti pọ́n. Ta ló jókòó sí àyè olórí ẹbí? Bàbá yẹn náà, ó ti ṣáájú wa débẹ̀. Huwaishil, ẹ̀gbọ́n bàbá Tuful, òun ló ń fi ọmọ fọ́kọ nílé wọn. Ó ní òun jáde wá pàdé àlejò lọ́nà ni. Ṣebí òun ló ní kò sí ìròyìn!

Mo tọrọ. Ó ní ojú òun ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí òun pé, òun gbọ́ ẹni tó ń pariwo "má dúró" nínú ọkọ̀. Ó ní òun ò lè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ewúrẹ́, áḿbọ̀sì ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró, tó jẹ́ kí ọkọ̀ rì kó lè kí òun, ìyẹn lòun ń wá. Ó ní òun fi Tuful fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni. Musallam. Ọkọ rẹ.

Kí ló dé tí o ò rẹ́rìn-ín mọ́? O rò pé ó sọ pé òun ti níyàwó? Ó dorí kodò, ó ní kí bàbá jẹ́ kí òun lọ rò ó wò. Nígbà tó wọlé lánàá tí o bi í léèrè, kí ló sọ fún ọ? Pé kò sí ìròyìn, àbí?

Jókòó, Rayya. Ju igi yẹn sílẹ̀, ọkọ rẹ ń sùn, kò ní sá lọ. Gbọ́ mi ná. Lọ́la, ìwọ lo máa wakọ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n wà lórí yanrìn ju òun lọ. Wàá sọ fún bàbá yẹn pé ìwọ nìyàwó ẹni tó dúró. Wàá sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣe aláìmọ̀wàáhù, ọkàn rẹ̀ ló ti wà lọ́dọ̀ Tuful tó fi pariwo. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí òótọ́ ni. A ó gbé ràkúnmí dání, tí o bá lè gba aṣọ lẹ́nu rẹ̀. Tí a bá sì ń gun òkè yẹn, tí o rí ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀, ewúrẹ́ ì báà jẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, dúró, kí n sọ̀ kalẹ̀ kí i.