Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Yàrá Màmá

Ojú ara mi ni mo fi rí i, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe pé ẹnì kan ló sọ ọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ṣùgbọ́n nǹkan tí ìyá mi sọ lórí fóònù ní Jímọ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Port Harcourt ni mo ti di èèyàn. Mi ò kàwé kọjá púráímárì mẹ́ta, síbẹ̀ mo kọ́lé sí Rumuodara. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kàwé ládùúgbò wa, ilé rẹ́ǹtì ni wọ́n wà. Kò síṣẹ́ tí mò ń pe ẹlòmíì wá ṣe nílé mi.

Nígbà tí ọwọ́ àwọn ilẹ̀kùn inú ilé ń já, mo lọ ra tuntun ní Rumuokwurushi. Ọmọ Igbo tó ń tà á bi mí pé, "Oga, na left abi right?"

Mo ní, "Right! For my house, we no dey use left hand greet person."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Orí mi wú. Ó ní, "Oga, na door I dey talk o, no be greeting." Mo sanwó, mo gba ti ọ̀tún.

Ọ̀tún bá gbogbo ilẹ̀kùn mu, àfi ti yàrá Màmá, ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Apá òsì ni tiẹ̀ ń ṣí sí, ọwọ́ ilẹ̀kùn ti òsì ló yẹ ẹ́. Mo dojú ẹ̀ dé kó lè wọlé. Ó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ bíi ti yòókù, kò ní ṣí. Àfi kéèyàn gbé e sókè. Mo rí i. Mi ò sọ, torí mo ti fọ́nnu fún ìyàwó mi pé kò sí káfíńtà tó lè ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Màmá kì í pa ilẹ̀kùn ẹ̀ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, atẹ́gùn òjò gbá a dé mọ́ ọn nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé. Kí n tó dé, ó ti pariwo títí ohùn ẹ̀ fi há. Mo gbé ọwọ́ ilẹ̀kùn sókè, mo ṣí i. Ó ní, "Àkànní, mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Mo ní, "Màmá, ẹ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn ni."

Lọ́jọ́ kejì, tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, mo sáré lọ ra ti òsì, mo pààrọ̀ ẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú Màmá, ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. "Màmá, ó mà ń ṣí o." Màmá wo àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀.

Látìgbà náà, kò dáná mọ́. Ó dẹ́kun kíkọ́ àwọn ọmọ mi ní Yorùbá, ó ní òun lè kọ́ wọn ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Nígbà tó yá, ó ní ká mú òun lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní Jímọ̀ yẹn, mo gbìyànjú. Mo ní, "Màmá, ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn ni kò dáa. Èmi ni mo ṣe é."

Ó rẹ́rìn-ín. "O ṣeun, ọmọ mi. Má parọ́ nítorí tèmi. Má ṣáà jẹ́ káwọn ọmọ mọ̀ pé orí mi ti dàrú."

Ó ní kí n gbé fóònù fún àbíkẹ́yìn mi. Ọmọ náà gbọ́ díẹ̀, ó wò mí: "Daddy, wetin she dey talk?"

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí Màmá máa fi gbà pé òótọ́ ni? Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ohun tó sọnù nìyí: ìyá kan nínú ilé. Yorùbá lẹ́nu ọmọ mẹ́ta. Àti làákàyè kan tí nǹkan kan ò ṣe.