Ẹ̀wà Tí Adìẹ Mi Jẹ ní Lèma

Marlène ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹ̀wà kan, ẹnu kan ni. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gba oyè kejì nínú ètò ìlú, tí olùkọ́ wọn kó wá sí Lèma kí wọ́n lè bá wa jókòó ṣètò abúlé wa. Ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo sì pa dé lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí òótọ́ yìí ti há mi lọ́fun. Ó tó àkókò kí n tu ú síta.

Eérú ni wọ́n fi ya àwòrán abúlé sílẹ̀, òkúta ni wọ́n fi ṣe òkè. Wọ́n ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀wà sí ibi tó bá fẹ́ kí pọ́ǹpù omi wà, ibi tí ẹ̀wà bá pọ̀ sí jù ni wọn máa gbẹ́ ẹ sí. Àwa ará ìsàlẹ̀ fi tiwa sí ìsàlẹ̀. Àwọn ará òkè, tí wọ́n pọ̀ jù wá lọ, fi tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta òkè, níbi tí wọ́n ti ń pọn omi. Òjò ṣú, wọ́n ní láti tètè gòkè lọ sílé. Gisèle, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé òkè, ní, "Ìyá Josué, bá wa ṣọ́ ọ o, kí ewúrẹ́ má fi ọ̀rọ̀ wa jẹun." A rẹ́rìn-ín.

Ewúrẹ́ kọ́ ló wá. Adìẹ tèmi ni. Ẹ̀gbẹ́ àpáta ló kọjú sí, mo sì ń wò ó bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà wọn jẹ. Mo sọ nínú ara mi pé Ọlọ́run ló rán an. Irọ́ ni, ilé mi tí pọ́ǹpù máa súnmọ́ ni mo ń rò.

Ìyẹn ì bá mọ bẹ́ẹ̀. Marlène, tó ti lọ jẹun nígbà tí a ń fi ẹ̀wà lélẹ̀, padà dé, ó bi mí bóyá àwọn ará òkè kò fẹ́ nǹkan kan ni. Èmi tí wọ́n gbé iṣẹ́ ògbufọ̀ lé lọ́wọ́, nítorí pé mo fi àgbà kọ́ ìwé, mo sì gbọ́ èdè wọn, mo wò ó lójú, mo ní, "Wọ́n ní omi àárín àpáta tó àwọn."

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ pọ́ǹpù sí. Gisèle bú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé elétí dídi ni wọ́n. Mo bá a bú wọn. Nígbà ọyẹ́ ó yọ̀ lórí àpáta tòun ti omi lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Ní báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń bọ̀ nítorí pọ́ǹpù kejì, àwọn ará òkè sì ti ní àwọn kò ní fi ẹ̀wà ṣòfò mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kúnlẹ̀ nídìí pọ́ǹpù láàárọ̀ yìí, tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ará òkè. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún fi ẹ̀wà wọn lélẹ̀. Mo ní ẹ̀gbẹ́ àpáta ni tèmi náà máa wà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gba iṣẹ́ ògbufọ̀ bí inú yín kò bá mọ́.

Gisèle sọ omi rẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé adìẹ yẹn náà lo sè wá fún mi nígbà tí ẹsẹ̀ mi kán?"

Mo ní òun ni.

Ó gbé omi rẹ̀ karí, ó ń tiro gòkè lọ, kò wẹ̀yìn.