Àáfù Kọ́rẹ́ńtì

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Adó lọ sí Ìjàn ni mo ti gbọ́ ọ, láàárín ìyá aránṣọ kan àti ọ̀gbẹ́ni tó ń du ipò aṣòfin.

“Mà, mi ò bá ìjọba jà, mi ò sì gbè sẹ́yìn wọn. Àwọn tó ń pín iná ń gbìyànjú, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n wá ṣàlàyé fáráàlú. Àárín ni mo wà.”

“Ta ló máa pè wọ́n wá ṣàlàyé?”

“A máa wò ó, mà.”

Ìyá náà sún síwá, ó sún sẹ́yìn lórí àga.

“Àáfù kọ́rẹ́ńtì ni yín. Bí iná àdúgbò wa ṣe rí náà nìyẹn. Gílóòbù á pọ́n, áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọṣọ ò ní gbóná. Èèyàn ò sì ní lè sọ pé kò síná.”