Gánẹ̀tì Ìyá Àgbà Radovan

[Fóònù ń dún. Ìró abọ́.]

JITKA: Hẹlóò, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ yára, ọwọ́ mi wà nínú ìyẹ̀fun.

ZDENA: Jitka, òrùka tí Radovan fi sí ẹ lọ́wọ́—

JITKA: Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìlara lásán.

ZDENA: Òkúta orí ẹ̀, báwo ló ṣe pupa?

JITKA: Bí ẹyin iná. Gánẹ̀tì ni, òkúta iyebíye ìyá àgbà rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí màmá àgbà jáde láyé ló fi lé e lọ́wọ́, pé obìnrin tí ọkàn rẹ̀ bá yàn—

ZDENA: Gánẹ̀tì wo ló ń pupa bí ọsàn? Pupa ẹ̀jẹ̀ ni ti ilẹ̀ wa. Ṣé kì í ṣe ọmọ Czech ni ẹ́ ni?

[Ariwo lórí ìlà.]

ZDENA: Ṣé o gbọ́ mi? Mo wà ní ilé ìwádìí kẹ́mísírì báyìí, níwájú àpótí gíláàsì wa. Òkúta pupa tí mo fọwọ́ ara mi tọ́ dàgbà ti pòórá. Èmi àti Radovan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí nìkan la ní kọ́kọ́rọ́.

JITKA: Ẹ ń tọ́ òkúta bí ọmọ?

ZDENA: Iyọ̀ ni. Iyọ̀ kúrómù. Inú omi la ti so ó mọ́ okùn tó fi dàgbà. Tí omi bá tún kàn án, á yọ́. Májèlé sì ni.

JITKA: Ó ní n má fi fọ abọ́.

ZDENA: Kí ló wí?

JITKA: Ó ní òun ò fẹ́ kí iṣẹ́ ilé ba ọwọ́ olólùfẹ́ òun jẹ́. Mo sunkún ayọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.

ZDENA: Bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́.

JITKA: Kò ṣeé bọ́. Ìka náà ti wú, ó ń yún mi. Mo rò pé wúrà ayédèrú ló fà á, mi ò fẹ́ dójú tì í.

ZDENA: Fi ọṣẹ— dúró ná. O ní ọwọ́ rẹ wà nínú kí ni?

JITKA: Ìyẹ̀fun. Òkèlè ìyẹ̀fun knedlíky ni mo fẹ́ sè, Radovan àti màmá ẹ̀ ń bọ̀ wá jẹun. Mo ń wo ìyẹ̀fun tí mo fomi pò pé ó rí rúsúrúsú, mo ní ẹyin tòní mà dáa o.

ZDENA: Kó o dànù. Ṣé o gbọ́ mi? Kó o dànù, ṣan ọwọ́ rẹ, máa lọ sí ọsibítù.

[Agogo ẹnu ọ̀nà.]

JITKA: Wọ́n ti dé. Ṣé ó mọ̀ pé májèlé ni?

ZDENA: Ìwádìí lórí iyọ̀ yẹn gan-an ló fi gboyè ọ̀mọ̀wé.

JITKA: Ó dáa. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e mì. Màá kàn sè é, màá gbé e ka iwájú wọn, màá na ìka yìí, màá ní òun àti òrùka ẹ̀ ni mo fi pò ó. Tó bá gba ṣíbí lọ́wọ́ màmá ẹ̀—

ZDENA: Jitka, ọwọ́ rẹ, lọ fọ ọwọ́ rẹ. Ṣé o gbọ́—

JITKA: —a jẹ́ pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń nífẹ̀ẹ́ èèyàn. Èmi nìkan ni kò nífẹ̀ẹ́—

[Ìlà já.]