Ọjọ́ Tí Múfú Pa Iná Gbọ̀ngán

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, tí wọ́n bá ti ní sinimá Íńdíà dé… háà! Ta ló máa dúró sílé? Ẹ gbọ́, a ò gbédè wọn o. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Àwa fúnra wa la máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Tí obìnrin inú sinimá bá ń sunkún, ẹnìkan á pariwo látẹ̀yìn pé, “Kẹ́rù ẹ, jàre!” Àbúrò mi, Múfú, ló lẹ́nu jù. Bàbá wa á ní, “Mùfútáù, ẹnu yìí lo máa fi jẹun láyé.” Ó sì fi jẹun lóòótọ́.

Òun ni Bàbá Rádaràda tí ẹ mọ̀ nínú fíìmù. Tó bá ti yọjú báyìí, ẹ̀rín ni. Àní níbi fìdáù ọkọ mi, bó ṣe ń ṣàdúrà, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín! Ó dùn ún gan-an.

Ìgbà tó dàgbà tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Àwọn sinimá àtijọ́ yẹn náà ló ń yà… ọmọge nínú òjò, ọkùnrin tó ń kọrin lẹ́yìn igi. Látorí ni o, kò wo ibì kankan. Orí mi wú. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ̀ẹ̀kan péré kí n tó kú, mo fẹ́ kí àwọn èèyàn wa wo iṣẹ́ ọwọ́ mi láìrẹ́rìn-ín.”

Ló bá gba gbọ̀ngán kan, ó gbé àwòrán kọ́ ara ògiri yíká. Èrò dé láti Ìmùsìn, láti Ìbẹ̀fun. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí sítéèjì! Wọ́n kẹ̀yìn sí àwòrán. Rádaràda ló pè wọ́n, kí ni wọn ì bá tún rò bí kò ṣe eré? Múfú wọlé, ẹ̀rín sọ. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, àwòrán ni mo pè yín wá wò.” Ẹ̀rín tún sọ! Wọ́n rò pé eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo wojú àbúrò mi… inú mi bàjẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n dìde bú wọn.

Ṣùgbọ́n Múfú ò bínú. Ó ti fèrèsé, ó pa iná, gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ó wá bọ́ sẹ́yìn, ó tan tọ́ọ̀ṣì sórí àwòrán kan ṣoṣo, bí ẹ̀rọ sinimá ìgbà yẹn ṣe máa ń tàn látẹ̀yìn. Gbogbo orí yí síbẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ó gbé iná sórí òmíràn. Ó dórí obìnrin kan tó ń sunkún… màmá àgbà kan nínú èrò, ohùn wọn ń gbọ̀n, wọ́n ní, “Ó ti tó, ọmọ mi, nu ojú ẹ.” Ẹlòmíràn ní, “Ẹni tó ṣe é á kábàámọ̀!” Wọ́n ń bá àwòrán sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ yìí!

Ó tanná. Wọ́n dìde, wọ́n sún mọ́ ògiri, wọ́n ń wo ọ̀dà, wọn ò fẹ́ kúrò. Ẹ̀yin ti òde òní, tí ẹ bá ń wo nǹkan lórí fóònù, ẹ máa fìka gbá a dànù kó tó parí. Ẹ rọra máa wo nǹkan o. Ẹ jọ̀ọ́.

Múfú wá jókòó tì mí, omi ń bọ́ lójú ẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu ẹ̀. Ó ní, “Àǹtí mi, wọn ò tiẹ̀ rántí pé mo wà níbí.”